Ìkòkò Òfìfo Lórí Iná: Èrè Wo Ni Àníyàn Ń Mú Wá?

Kò sí ilé tí àníyàn kì í yà sí. Bàbá ń ṣàníyàn owó ilé-ìwé, ìyá ń ṣàníyàn ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, olùkọ́ ń ṣàníyàn owó oṣù, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ń ṣàníyàn ìbò. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí ni pé, ǹjẹ́ àníyàn tilẹ̀ ń ṣe wá ní oore kan, àbí ẹrù lásán ni a ń rù kiri? Àwọn kan a máa sọ pé ẹni tí kò bá ṣàníyàn, aláìbìkítà ni. Àwọn mìíràn a ní kí a fi gbogbo rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí a sì lọ sùn. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ku díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ kí a lọ kọ́gbọ́n ní Ìpetumodù, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ àwọn obìnrin ìlú náà mọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ewu wà nínú rẹ̀. Amọ̀ tí a wà, tí a gún, tí a fi ọwọ́ mọ títí ó fi di ìkòkò, lè di àpáàdì lójijì nínú iná. Ohun tí ó ń fà á kò fara sin. Bí omi bá ṣẹ́ kù nínú amọ̀, iná yóò sọ omi náà di oru. Oru yóò máa wá ọ̀nà àtijáde, yóò sì fọ́ ìkòkò. Nítorí náà ni ìyá amọ̀kòkò fi ń ṣàníyàn kí ó tó dáná. Yóò fọwọ́ kan ìkòkò wò bóyá ó ti gbẹ. Yóò gbójú sókè wo sánmà. Bí òjò bá ṣú, yóò sún iná dídá síwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá ti ràn, tí ó sì ti bo àwọn ìkòkò mọ́lẹ̀, ìjayà rẹ̀ kò lè ran ẹyọ kan lọ́wọ́ mọ́. Ohun tí ó kù fún un kò ju pé kí ó máa ṣọ́ iná, kí ó sì dúró.

Àníyàn dàbí akéde tí ń lu agogo káàkiri àdúgbò. Oore ńlá ni akéde ń ṣe fún ìlú, nítorí ó ń jẹ́ kí a mọ ohun tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an tán, ilé ni ó yẹ kí ó lọ. Bí ó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa tí ó ń lu agogo títí ilẹ̀ fi mọ́, a kò ní sùn, a kò sì ní lè ṣe ohun tí ó wá kéde rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú yóò rántí ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí a dìbò gómìnà ní Ọ̀ṣun. Ìbò 353 péré ni Ademola Adeleke fi ṣáájú Adegboyega Oyetola. Àjọ elétò ìdìbò ní kí a tún ìbò dì ní ibùdó 7 ní ọjọ́ 27, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Àríwá Ifẹ̀. Láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, àyà gbogbo ìpínlẹ̀ ń já. Ní ìkẹyìn, a kéde pé Oyetola borí pẹ̀lú ìbò 482. A kò fẹ́ tú ìjà náà jà níhìn-ín. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 2019, Adeleke sì wọlé ní 2022. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó fi àìsùn rẹ̀ kún iye ìbò. Ẹni tí ó ti jí ẹnìkan ní àdúgbò rẹ̀ lọ dìbò ní ọjọ́ 22 ti ṣe ju ẹni tí ó sunkún ní ọjọ́ 27 lọ.

Àníyàn tí kò mọ ilé lọ a tún máa ba ara jẹ́. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, tẹ ìwádìí jáde ní 1960 lórí àìlera kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa. Orí a máa ta wọ́n bí ata, tàbí kí ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ojú wọn a máa ṣe bàìbàì. Ohun tí wọ́n kà kò sì ní yé wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ọmọ tí gbogbo ẹbí gbójú lé, tí ó ń fi òru kàwé tí ó sì ń fi ọ̀sán bẹ̀rù ìdánwò, títí ìbẹ̀rù fi gba ipò ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè fi òwe dá wa lóhùn pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni òwe náà ń bá wí. Bí a bá gbé ìkòkò òfìfo ka iná, kò ní sí ọbẹ̀, ìkòkò náà yóò sì sán. Iná ni ìnira, ọbẹ̀ ni iṣẹ́.

Síbẹ̀, a kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí bo àṣìṣe ìjọba mọ́lẹ̀. Ní 2015, nígbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀, ìjọba Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí san ààbọ̀ owó oṣù fún òṣìṣẹ́ ìpele 12 sókè, ó sì ń san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún àwọn tí ó wà ní ìpele 8 sí 10. Ó di 2018 kí owó kíkún tó padà. Ta ni yóò bá olùkọ́ wí pé ó ṣàníyàn nígbà náà? Ẹni tí ó fa àníyàn fún ènìyàn kò lẹ́nu láti sọ fún un pé kí ó fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìnira bẹ́ẹ̀ pàápàá, àníyàn tí ó gbé olùkọ́ lọ sí oko, tàbí tí ó mú un bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan láti béèrè ẹ̀tọ́, ṣe é ní oore. Èyí tí ó dè é mọ́ ibùsùn ní òru kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó oṣù rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àníyàn bá kan ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí a ṣí i fún un, kí a bi í pé: kí ni o fẹ́ kí a ṣe? Bí ó bá dárúkọ iṣẹ́ kan, kí a dìde lọ ṣe é lónìí. Bí kò bá rí iṣẹ́ kankan dárúkọ, kí a sìn ín sọ́nà, kí a sì padà sídìí ohun tí ọwọ́ wa ká.