Bílíìṣì àti ásíìdì kì í ṣọ̀rẹ́

Ẹ̀yin ìyálé ilé, àti ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ máa ń fọlé lọ́jọ́ Sátidé, mo mọ̀ pé ẹ wà, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ lónìí. Owó ọṣẹ ti le, owó ẹ̀fọ́ náà ò kẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kálukú ṣe ń dọ́gbọ́n sí i. Ọgbọ́n ọ̀hún dáa, àmọ́ àwọn kan wà níbẹ̀ tó lè pààyàn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti bílíìṣì. Àwọn kan á da bílíìṣì sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tún da ásíìdì lé e, wọ́n ní kó lè tètè mọ́. Gáàsì chlorine ló ń jáde níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa ń bà jẹ́. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà náà ò gbọdọ̀ pàdé bílíìṣì. Kódà tí ìtọ̀ bá pọ̀ nílẹ̀, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sí i dáadáa. Aládùúgbò wa kan dán an wò nínú balùwẹ̀ tí ò ní fèrèsé. Ikọ́ ló lé e jáde, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ní kẹ́ ẹ parí ẹ̀ ná. Ẹ bọ́ síta síbi afẹ́fẹ́, tí mímí bá ṣì nira, ọsibítù yá.

Fún ìkòkò tó lọ́ràá, eérú igi, omi díẹ̀ àti kànrìnkàn ti tó. Àmọ́ ẹ má fi eérú fọ ìkòkò alumíníọ̀mù, ó máa ń jẹ ẹ́ lára.

Ọgbà ńkọ́? Báǹkẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́ tàbí àpò ìrẹsì ti tó, ẹ ṣáà dá ihò sí ìdí ẹ̀ kí omi lè máa ṣàn jáde. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, torí èyí tó tutù máa ń jó ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ ò pẹ́ rárá, láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ ti lè máa já a. Ewédú ló máa ń ṣagídí. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń bú ẹni tó ta irúgbìn ẹ̀ fún wọn, bẹ́ẹ̀ èèpo ẹ̀ ló le. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù, kẹ́ ẹ tó gbìn ín.

Tí kòkòrò bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n ọ̀tápíápíá sí nǹkan tẹ́ ẹ máa jẹ. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, òun náà ni NAFDAC fòfin de ìgò kékeré ẹ̀ lọ́dún 2019. Ewé dóńgóyárò ni kẹ́ ẹ gún, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ́n ọn, torí oòrùn máa ń pa agbára ẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ tún un wọ́n.