Ṣé O Mọ̀? Ará Ìlú Ló Gba Títì Lọ́wọ́ Ikú

Ṣé o mọ̀ pé inú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn oníṣègùn ti rí ọ̀kan nínú ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ìjókòó ojú kan ń fa àrùn ọkàn? Ní 1953, Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Wọ́n fi àwọn dẹ́rẹ́bà wé àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà látàárọ̀, èéfín kan náà ni wọ́n jọ ń fà símú. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà jókòó ti ọwọ́ ọkọ̀, nígbà tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ gba owó lókè, tó tún ń sọ̀ kalẹ̀ wá gba ti ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn 500 sí 750 lójúmọ́. Àrùn ọkàn mú àwọn dẹ́rẹ́bà ju àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ fíìfíì. Wọ́n yẹ ilé ìfìwéránṣẹ́ náà wò, wọ́n bá ohun kan náà níbẹ̀: àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà kiri ní àlàáfíà ju àwọn akọ̀wé tó jókòó ti tábìlì lọ. Morris fúnra rẹ̀ pẹ́ láyé. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú ní 2009.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe dókítà ló kọ́kọ́ ní ká máa rin ìgbésẹ̀ 10,000 lójúmọ́? Iléeṣẹ́ kan ní Japan ló gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìgbésẹ̀ jáde ní 1965, ọdún kan lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo, tí wọ́n sì fi 10,000 sára orúkọ rẹ̀ kó lè tà. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá wọn ìrìn àwọn obìnrin tó lé ní 16,000 ní Amẹ́ríkà, àwọn ìyá tí ọjọ́ orí wọn ń lọ bí 72, ohun tí wọ́n kọ jáde ní 2019 ni pé àwọn tó ń rin bí 4,400 lójúmọ́, ikú wọn fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó ń rin bí 2,700. Àǹfààní náà ń gòkè títí dé nǹkan bí 7,500, lẹ́yìn èyí ni kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan mọ́. Ìyá àgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, tó ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ti ń ṣe é láìra bàtà olówó ńlá.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú kí èémí yára díẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 15 rìn kánmọ́kánmọ́ dé ibùdókọ̀ láàárọ̀, tó tún rin 15 padà sílé nírọ̀lẹ́, lọ́jọ́ márùn-ún tó fi ń lọ síbi iṣẹ́, ti kó gbogbo rẹ̀ pé. Kò san kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò, ọ̀rọ̀ ìlera ni.

Àmọ́ ṣé ọ̀nà ibùdókọ̀ yẹn ṣeé rìn? Bí ènìyàn mílíọ̀nù kan ó lé 190,000 ló ń kú lójú títì káàkiri ayé lọ́dọọdún, ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà sì ju ìdajì wọn lọ. Láàárín àwọn tó wà ní ọmọ ọdún 5 sí 29, kò sí àìsàn kankan tó ń pa wọ́n tó jàǹbá ọkọ̀. Kò yẹ ká gbọ́ irú èyí ká kàn mirí.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Nẹ́dálándì náà ti wà nínú irú ewu yìí rí? Àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní oníkẹ̀kẹ́ lónìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kẹ̀kẹ́ tì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó dé, mọ́tò pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láti la títì. Ní 1971 nìkan, bí ènìyàn 3,300 ló kú sójú títì wọn, àwọn ọmọdé inú wọn sì lé ní 400. Oníròyìn kan, Vic Langenhoff, wà lára àwọn tó sin ọmọ. Ó gbé kálàmù, ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn De Tijd ní 1972, ó sì pe orí rẹ̀ ní Stop de Kindermoord: ẹ yé pa àwọn ọmọ wa.

Àwọn òbí gbọ́, ẹgbẹ́ sì dìde lórúkọ náà. Ọ̀dọ́bìnrin kan, Maartje van Putten, ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Òun náà ló padà di aṣòfin nílé ìgbìmọ̀ Yúróòpù. Wọn ò jókòó ti lẹ́tà kíkọ sí ìjọba. Òpópónà tí ọkọ̀ bá ti pa ènìyàn, wọ́n á lọ dí i. Wọ́n á gbé tábìlì síta, wọ́n á to àga yí i ká, wọ́n á gbé oúnjẹ lé e, gbogbo àdúgbò á jókòó jẹun láàárín títì, àwọn ọmọ á sì máa ṣeré níbi tí mọ́tò ti ń sáré lánàá.

Tábìlì yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, Sátidé wo ni ènìyàn kì í rí àdúgbò tó ti na kánópì dí títì nítorí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú? Ìkòkò ìrẹsì á wà lórí ààrò lẹ́bàá gọ́tà, gbohùngbohùn á máa ké, ọlọ́kọ̀ tó bá débẹ̀ á wá ọ̀nà mìíràn gbà. A mọ títì í dí. Kí ló dé tí a kì í dí i fún àwọn ọmọ wa, wákàtí mẹ́ta péré láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n lè kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn láìwẹ̀yìn?

Ní 1973, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ti epo rọ̀bì mọ́ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ìjọba wọn ní kí mọ́tò má jáde lọ́jọ́ Àìkú, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá. Àwọn ènìyàn gun ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ lórí títì márosẹ̀, àwọn mìíràn tẹ́ aṣọ sílẹ̀ jẹun níbẹ̀. Ọmọ Èkó tó bá ti dàgbà díẹ̀ á mọ adùn rẹ̀. Títí di 2016, ọkọ̀ kì í rìn láti aago 7 sí aago 10 àárọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, nítorí ìmọ́tótó. Ìyàwó ilé ń gbá iwájú ilé, àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín títì, òkúta méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, góòlù ti dé.

Lónìí, kẹ̀kẹ́ pọ̀ ju ènìyàn lọ ní Nẹ́dálándì. Lábẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Utrecht, wọ́n kọ́ ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí kan tó gba 12,500. Ènìyàn á gun kẹ̀kẹ́ láti ilé, á so ó síbẹ̀, á bọ́ sínú rélùwéè.

Ṣé o mọ̀ pé ní Bogotá, olú ìlú Kòlómbíà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ti títì tó lé ní 120 kìlómítà mọ́ mọ́tò, láti aago 7 àárọ̀ títí di aago 2 ọ̀sán? Ciclovía ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe láti ọ́fíìsì ìjọba ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1974, àwọn ọ̀dọ́ bíi Jaime Ortiz Mariño, tí inú ń bí pé mọ́tò ti gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́, pe àwọn ènìyàn jáde pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló jẹ́ ìpè. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìjọba ìlú tó fọwọ́ sí i. Nísinsìnyí, iye tó ń jáde máa ń lé ní mílíọ̀nù kan, bàbá, ìyá, ọmọ àti ajá. Nínú àwọn ọgbà ìtura, olùkọ́ eré ìdárayá á gun orí pèpéle, gbogbo èrò á máa tẹ̀ lé e jó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Curitiba, ní ilẹ̀ Bràsíl, òpin ọ̀sẹ̀ kan péré ni olórí ìlú Jaime Lerner fi sọ òpópónà Rua XV de Novembro di ti ẹlẹ́sẹ̀ ní 1972. Àwọn oníṣòwò bínú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fà á gùn sí i. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní àwọn máa wa mọ́tò gba ibẹ̀ tipátipá. Ìgbà tí wọ́n dé, àwọn ọmọdé ni wọ́n bá nílẹ̀ tí wọ́n ń kun àwòrán sórí ìwé gbọọrọ tí wọ́n tẹ́ sí títì. Ta ló fẹ́ gun orí wọn kọjá?

Ṣé o mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, fi gba bọ́ọ̀sì wọn? Gbogbo ayé ló mọ Rosa Parks, tí wọ́n mú ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1955 torí pé kò dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn tó mọ Jo Ann Robinson kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tó fi òru ọjọ́ yẹn tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìléwọ́ pé kí aláwọ̀ dúdú má wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tó di ọjọ́ 5, bọ́ọ̀sì ń rìn lófìfo. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 381. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ọkọ̀ èrò o. Wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì fẹ́ iyì pẹ̀lú rẹ̀.

Báwo ni ìlú ṣe ń rìn fún gbogbo ọjọ́ yẹn láìwọ bọ́ọ̀sì? Òṣìṣẹ́ ilé tó ń lọ fọṣọ fún òyìnbó, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ. Nǹkan bí 300 ọkọ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ yọ̀ǹda láti máa gbé èrò, àwọn ìjọ náà ra ọkọ̀ wọ́n kọ orúkọ ìjọ sí i lára. Epo ń kọ́? Obìnrin alásè kan, Georgia Gilmore, ló kó àwọn obìnrin jọ. Wọ́n ń din adìyẹ, wọ́n ń yan kéèkì, wọ́n ń gbé e lọ tà láti ilé dé ilé àti ní ilé onídìrí. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kí ọ̀gá wọn má bàa lé wọn níṣẹ́. Lálẹ́ ìpàdé, Gilmore á dìde, á ka iye tí wọ́n pa, ilé á sì hó yèè. Wọ́n lé òun fúnra rẹ̀ níṣẹ́ nítorí ẹ̀rí tó jẹ́ ní kóòtù. Ilé ìdáná rẹ̀ ló padà sí, ó sọ ọ́ di ibi ìjẹun. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1956, lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n jókòó síbi tó wù wọ́n. Mo máa ń fi àwọn tó din adìyẹ yẹn sí ipò kan náà pẹ̀lú àwọn agbẹjọ́rò.

Ní 1963, àwọn ará Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi Montgomery ṣe àwòkọ́ṣe, tí iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú náà fi gbà láti máa fún aláwọ̀ dúdú níṣẹ́ dẹ́rẹ́bà àti kọ̀ndọ́kítọ̀. Ní Stockholm, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọ owó tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó bá wọ àárín ìlú. Wọ́n dán an wò fún oṣù méje ní 2006, ìsúnkẹrẹ-fàkẹrẹ dín kù, ará ìlú dìbò, wọ́n ní kó máa bá a lọ. Ní Luxembourg, láti òpin oṣù Kejì 2020, ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti rélùwéè jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, àfi àyè àwọn olówó nínú rélùwéè.

Èkó ń kọ́? Ṣé o mọ̀ pé tíráàmù ti gbé èrò níbẹ̀ rí, bẹ̀rẹ̀ láti 1902, tó ń gba orí bíríìjì Carter láti Ìdó wọ erékùṣù? Gómìnà Lateef Jakande gbé ètò rélùwéè ìlú kalẹ̀, ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina sí Mile 2, kìlómítà 13. Ọdún 38 nìyẹn, ó sì ń dùn mí, torí àwọn òbí wa ló lò ó tán nínú gọ́ọ̀sìlóò.

Bọ́ọ̀sì BRT ló ṣíwájú rẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2008, láti Mile 12 sí CMS, kìlómítà 22. Ìbẹ̀rù tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́dánfó á gbógun dìde sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ onímọ́tò NURTW fúnra wọn dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, àwọn ló sì kọ́kọ́ wa bọ́ọ̀sì náà.

Ìpínlẹ̀ Èkó tún ti kọ ìlànà kan jáde ní 2018 fún ààbò ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ìwé náà wà nílẹ̀, ohun tó kù ni ẹni tí yóò béèrè fún un. Tí ìpàdé onílé àti ayálégbé àdúgbò rẹ bá tún wáyé, bí o bá ń gbé Èkó, gbé e lọ síwájú wọn, kí o sì dárúkọ ibì kan pàtó: gọ́tà tí kò ní ìdérí, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ọkọ̀ ti páàkì dí, tàbí ìkóríta tí àwọn ọmọ ń sọdá láàárọ̀ láìsí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró fún wọn.