Ètò yíyan agbábọ́ọ̀lù ní NFL: Ta ló ń jàǹfààní rẹ̀?

Nínú NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sáré, ẹgbẹ́ tó bá kẹ́yìn nínú ìdíje ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún láǹfààní láti mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó bá wù ú. Draft ni wọ́n ń pe ètò náà, Bert Bell, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles, ló sì mú àbá rẹ̀ wá lọ́dún 1935.

Ṣáájú àkókò yẹn, ẹgbẹ́ tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣa àwọn ògbóǹtarìgì jáde ní yunifásítì, àjẹkù ló sì ń kan àwọn tó kù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ni Eagles borí lọ́dún 1935, wọ́n pàdánù mẹ́sàn-án. Èrò Bell ni pé bí àwọn kan bá ń borí lójoojúmọ́, òǹwòran yóò sú, gbogbo líìgì ni yóò sì fara gbá a. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀: wọn kò ní í fowó lé ara wọn lórí agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é nílùú Philadelphia. Ẹgbẹ́ 9 yan agbábọ́ọ̀lù 81. Jay Berwanger láti Yunifásítì Chicago ni Eagles kọ́kọ́ mú, wọ́n sì gbé ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ fún Chicago Bears. Ọ̀rọ̀ owó kò wọ̀ láàárín wọn, Berwanger kò sì gbá bọ́ọ̀lù ní NFL rí.

Nígbà tí líìgì AFL dé lọ́dún 1960, ẹni kan náà ni líìgì méjèèjì ń yàn. Èyí ló jẹ́ kí Joe Namath gba 427,000 dọ́là lọ́wọ́ New York Jets lọ́dún 1965. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1967, líìgì méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yan agbábọ́ọ̀lù pa pọ̀, ìdíje owó náà sì dópin.

James Smith, tí Washington yàn lọ́dún 1968, fara pa lọ́rùn lọ́dún náà gan-an, kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ pé ètò náà kò jẹ́ kí òun lè dúnàádúrà bó ṣe yẹ. Lọ́dún 1976, adájọ́ dá a láre. Ohun tó gba ètò náà là ni àdéhùn tí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bá àwọn tó ni ẹgbẹ́ ṣe lọ́dún 1977: àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló fọwọ́ sí i.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọn kò yàn ló ń pàdánù. Kò sí ẹgbẹ́ tó mú Adewale Ogunleye, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, lọ́dún 2000. Ó dara pọ̀ mọ́ Miami Dolphins, nígbà tó sì di 2003, ó ti wà lára àwọn àṣàyàn líìgì náà.

Lónìí, ẹgbẹ́ 32 ló ń yan ènìyàn ní ìpele 7 láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ètò náà ti gba àwọn ẹgbẹ́ aláìní sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí wọ́n bá yàn kò tíì lè fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.