Ṣé o mọ̀? Ibùdó ìdìbò mẹ́ta ní Orólù

Ṣé o mọ̀ pé agbẹnusọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fúnra rẹ̀ ni oníṣòwò kan já àga gbà mọ́ lọ́wọ́? Lọ́jọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023, oníṣòwò náà, Olúbíyìí Fádèyí ti PDP, ní ìbò 134,229, agbẹnusọ náà, Àjíbọ́lá Bàsírù ti APC, ní 117,609; Ìfọ́n àti Ìlobùú l'Ọ́ṣun sì wà lára àwọn ìlú tó dìbò náà.

Má tíì káàánú Bàsírù o! Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti di akọ̀wé àgbà APC fún Nàìjíríà lódindi.

Ajagunńlà ni wọ́n máa ń pe Fádèyí. Ta ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ? Fágbàmílà Ajagunńlà ni, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́ nílùú Ìlá. Ẹni tó bá ń jẹ́ irú orúkọ yẹn, ìjà wo ló fẹ́ sá fún?

Oníṣòwò mìíràn ti dán irú rẹ̀ wò l'Ọ́ṣun ṣáájú. Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Ìsíákà Adélékè kú ní 2017, ọjọ́ 76 péré ni àbúrò rẹ̀ Adémọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Pacific Holdings tẹ́lẹ̀, fi gba àga náà pẹ̀lú ìbò 97,480 sí 66,116. APC ni ẹ̀gbọ́n fi wọlé. PDP ni àbúrò fi jogún rẹ̀!

Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló dìbò ọjọ́ náà, Adélékè sì jẹ 9. Èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni Èjìgbò. Ìlú ta ni? Ìlú Mudasiru Hussein tó ń bá a du ipò náà kúkú ni.

Ìfọ́n kò sí nínú ìyẹn rárá; ẹkùn wọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n dúró ná. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Adélékè ń du ipò gómìnà, ìbò 353 ló fi ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá, àjọ elétò ìdìbò INEC bá ní eré kò tíì tán: ibùdó ìdìbò 7 gbọ́dọ̀ tún ìbò dì.

Mẹ́ta nínú méje wà ní Orólù, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìfọ́n jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Orúkọ 947 ló wà nínú ìwé ìdìbò níbẹ̀.

Ìwọ wá ṣírò rẹ̀. Oyètọ́lá ní 1,160 nínú àtúndì ìbò náà, Adélékè ní 325, àpapọ̀ sì di 255,505 sí 255,023. Ìyàtọ̀ 482! Àwọn orúkọ Orólù nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Èwo ló tún yani lẹ́nu ju ti kóòtù lọ? Adélékè pe èsì náà lẹ́jọ́, adájọ́ 15 ló sì dá ẹjọ́ náà ní ilé ẹjọ́ mẹ́ta: 10 gbè sẹ́yìn Oyètọ́lá, 5 gbè sẹ́yìn Adélékè. Adélékè ló jàre níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, 2 sí 1. Ohun tó tú ìdájọ́ yẹn ká lókè ni pé adájọ́ kan tó wà lára àwọn tó kọ ọ́ pa ìjókòó ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ.

Oṣù Keje 2022 ńkọ́? Ìyàtọ̀ 28,344 ni Adélékè fi di gómìnà, Orólù àti Ìrẹ́pọ̀dùn, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú wà, sì wà lára ibi tó ti jẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò ní kí Orólù lọ tún un dì.