Àpótí Tó Ń Béèrè Ọ̀rọ̀: Bọ́tìnì Náà Gbọ́dọ̀ Sọ Yorùbá

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ kó tó kan àpótí kékeré tó máa ń yọ sójú kọ̀ǹpútà láti béèrè ọ̀rọ̀. Nínú èdè Python, ìlà méjì péré tó o: from tkinter import messagebox, lẹ́yìn náà messagebox.askyesno("Gbèsè", "Ṣé kí n pa gbèsè yìí rẹ́?"). (Nínú àwọn Python àtijọ́, fèrèsé òfìfo kan tún máa ń yọ pẹ̀lú rẹ̀, withdraw ni wọ́n sì fi ń gbé e pa mọ́.) Gbàrà tí àpótí náà bá ti yọ, iṣẹ́ dúró. Ìlà tó kàn kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì. Tó bá tẹ Yes, ètò á gba True. Tó bá tẹ No, á gba False. Ìdúró yẹn ni gbogbo àǹfààní àpótí náà, torí pé ibẹ̀ ni ètò ti ń gbàṣẹ kó tó ṣe ohun tí kò ní ṣeé yí padà.

Tó bá jẹ́ pé ìyá tó ń tajà láwìn l'Ọ́jà'ba tàbí ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn ni wọ́n kọ ètò ìwé gbèsè fún, èrò tèmi ni pé Yorùbá ló yẹ kí àpótí náà fi bá a sọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọsẹ̀ ni pé ìbéèrè nìkan ni wọ́n ń kọ ní Yorùbá. Lórí Windows, Windows fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì, nítorí náà Yes àti No á ṣì wà níbẹ̀ tó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà náà ń lò. Ọ̀nà àbáyọ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi Toplevel ti tkinter ṣe àpótí tirẹ̀, kó fi grab_set àti wait_window dá iṣẹ́ dúró, kó wá kọ "Pa á rẹ́" àti "Fi í sílẹ̀" sórí bọ́tìnì.

Ẹnìkan lè ní ta ni kò mọ Yes àti No. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tí bọ́tìnì máa ṣe á kàn tẹ Yes kí àpótí lè kúrò lójú òun ni. Kódà àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń ṣi ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì kà: Andy Hertzfeld, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà Macintosh, sọ pé nígbà tí wọ́n ń dán kọ̀ǹpútà Lisa ti iléeṣẹ́ Apple wò, ẹnìkan ka "Do It" sí "Dolt", ìyẹn òmùgọ̀, inú sì bí i. Wọ́n fi OK rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní Yorùbá kò bá kọ̀ǹpútà mu. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn níbí náà ni ẹgbẹ́ Alt-i ti Túndé Adégbọlá wà, tí wọ́n bá Microsoft ṣiṣẹ́ láti gbé Windows sí Yorùbá.

Àtakò tó nítumọ̀ jù ni ti àmì ohùn. Unicode kò fún "ọ̀" ní nọ́ńbà kan ṣoṣo; ńṣe ni wọ́n ń to nọ́ńbà pọ̀, ọ̀nà àtitò náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Bí wọ́n bá tẹ Adébáyọ̀ ní ọ̀nà kan lónìí, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní òmíràn lọ́la, ojú èèyàn á rí orúkọ kan, ètò á rí oníbàárà méjì, gbèsè ọ̀kan nínú wọn sì ni "Pa á rẹ́" máa pa. unicodedata.normalize ti Python ló ń mú wọn dọ́gba, kí wọ́n tó tọ́jú orúkọ sínú ìwé.