Títọ́ Ẹ́ńjìnnì Tí a Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tún Tò

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe yìí bá ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú palẹ̀, tí ó sì tún tò, mu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ṣi ẹ̀sọ̀ gbọ́.

Lẹ́yìn tí omi àti òróró bá ti pé, kí a kọ́kọ́ tú wáyà kọ́ìlì, kí a sì fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì láìtanná, títí iná òróró yóò fi kú. Nígbà náà ni òróró dé ibi gbogbo.

Bí ó bá ti ṣiṣẹ́, kí a má fi í sílẹ̀ kí ó máa rọra kùn lójú kan. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ bíi Peugeot 504, òróró tí kíránkì ń ta sókè ni ó ń mú kámúṣáàfù yọ̀. Bí kámúṣáàfù bá jẹ́ tuntun, nǹkan bí 2,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, fún 20 ìṣẹ́jú, ni ó yẹ ẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin yóò jẹ irin.

Ó ku ojú ọ̀nà. Agbára epo tí ń jó ni ó ń ti ríǹgì písítìnì mọ́ ara sílíńdà, tí wọ́n fi ń bá ara wọn mu. Kí a máa sáré díẹ̀, kí a tún máa dẹ̀ ẹ́; kí a má kó ẹrù wúwo. Bí a bá kẹ́ ẹ jù, sílíńdà yóò dán kí ríǹgì tó bá a mu. Ọkọ̀ yóò máa mu òróró, yóò máa rú èéfín, a ó sì tún san owó títú. Lẹ́yìn nǹkan bí 500 kìlómítà, kí a pààrọ̀ òróró, nítorí lẹ́búlẹ́bú irin ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀sọ̀ tí àgbà wí, ìmọ̀ ni.