Kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí proforma serveur

 

Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan ní agbègbè Kétu. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àfowópamọ́ tí àwọn wà nínú rẹ̀ ti ní ẹ̀ka mẹ́fà báyìí, ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ owó sí kò ká iṣẹ́ náà mọ́. Ọkùnrin kan wá láti Kútọnu, ó gbé proforma méjì sílẹ̀. Lórí èkíní, ó kọ infrastructure convergée. Lórí èkejì, ó kọ hyperconvergée. Ó ní kí wọ́n mú ọ̀kan kí oṣù tó parí. Owó tí wọ́n fẹ́ fi san án, owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni, owó àgbàdo àti owó gàrí. Ìgbìmọ̀ fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí, wọn ò sì fẹ́ kí ojú tì wọ́n níwájú ọkùnrin náà. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé gan-an ni kò mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí serveur fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni, àmọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ló máa ń wà. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì á bi í pé, "Èló ni ìyá yìí ní lọ́wọ́ wa?" òun á sì dáhùn. Kó tó lè dáhùn, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà: èyí tó ń ṣe ìṣirò, díìsìkì tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, àti ẹ̀rọ tó ń so gbogbo wọn pọ̀ kí ọ̀rọ̀ lè máa lọ kó máa bọ̀. Ètò kan tún wà lórí wọn tó ń pín ẹ̀rọ kan sí bíi mélòó kan, kí iṣẹ́ owó yíyá má baà dí iṣẹ́ ìfowópamọ́ lọ́wọ́.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń ra nǹkan mẹ́ta yìí. Ẹ̀yin ìyá wa mọ bó ṣe ń rí. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Pobè, ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ ní Sakété ṣe èyí tí wọ́n fi ń fún omi inú rẹ̀, ẹlòmíràn ló mọ ààrò. Lọ́jọ́ tí gàrí bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ á ní ẹni tó ta ẹ̀rọ ìrin ló fà á, ẹni tó ta ẹ̀rọ ìrin á ní alámọ̀ ni. Ẹjọ́ náà kì í tán, gàrí ò sì ní dára padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn tó ń ta díìsìkì àtàwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìṣirò ṣe máa ń ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn.

Ohun tó bí convergée nìyẹn. Lọ́dún 2009, ilé-iṣẹ́ Cisco àti EMC ní Amẹ́ríkà dá ilé-iṣẹ́ VCE sílẹ̀, VMware àti Intel náà fowó sí i. Wọ́n kó nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí irin gíga kan, wọ́n so wáyà rẹ̀, wọ́n dán an wò, kó tó jáde kúrò nílé-iṣẹ́. Vblock ni wọ́n pè é. Lọ́dún 2010, NetApp àti Cisco gbé FlexPod jáde. Tiwọn yàtọ̀ díẹ̀: àwòrán àti ìlànà tí wọ́n ti dán wò ni wọ́n kọ sílẹ̀, àwọn oníṣòwò ló ń tò ó fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn ṣì dá dúró nínú àpótí náà. Ìrin ṣì jẹ́ ìrin, ààrò ṣì jẹ́ ààrò. Pé ẹnì kan ṣoṣo ló tò wọ́n pọ̀, tó sì máa jẹ́ orúkọ wọn tó bá dìjà, ni ẹ ń sanwó fún.

Hyperconvergée gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ wo obìnrin mẹ́ta tí kálukú wọn ní ìrin tirẹ̀, ó ní ààrò tirẹ̀, ó ní àgbá tirẹ̀, tí wọ́n wá di ẹgbẹ́ kan. Ohun tó bá wà nínú àgbá ẹnì kan, irú rẹ̀ wà nínú àgbá ẹlòmíràn. Tí ara ọ̀kan ò bá yá, iṣẹ́ ò dúró. Tí ọjà bá pọ̀ sí i, ẹ pe obìnrin kẹrin. Nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan níbí, ìṣirò àti díìsìkì wà papọ̀, ètò inú wọn ló sì ń pín àkọsílẹ̀ káàkiri. Mẹ́ta ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Nutanix, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, ló kọ́kọ́ lókìkí nínú rẹ̀. Dell ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ VxRail.

Èwo ló dáa jù? Tó bá jẹ́ àyè ìpamọ́ nìkan ló ń kún, convergée á jẹ́ kí ẹ ra díìsìkì nìkan. Nínú hyperconvergée, bí ẹ bá ń fẹ́ àyè sí i, ẹ sábà máa ra odindi ẹ̀rọ. Àmọ́ hyperconvergée lè bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, èèyàn díẹ̀ ló sì lè máa bójú tó o. Àpótí ńlá convergée, ilé-iṣẹ́ ńlá àti báńkì ni wọ́n ṣe é fún. Mi ò rí ohun tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ka mẹ́fà fẹ́ fi ṣe.

Ẹ tún bèèrè ẹni tó ni ètò tó wà nínú ẹ̀rọ. Lóṣù kọkànlá ọdún 2023, Broadcom ra VMware. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi dá títa àṣẹ tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dúró. Sísan láti ìgbà dé ìgbà ló kù. Nítorí náà, owó tó wà lórí proforma lè máà jẹ́ gbogbo owó. Kí ọkùnrin náà kọ owó ọdún kejì àti ti ọdún kẹta sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú.

Ẹ bá mi ṣírò nǹkan kan, kí akọ̀wé mú gègé. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 5,000. Kí kálukú san owó tàbí gba owó nígbà 50 lọ́dún. Fún ọdún 10, ìlà àkọsílẹ̀ 2,500,000 nìyẹn. Ká fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní létà 200: létà 500,000,000, ìyẹn ìdajì giga kan. Káàdì kékeré oní-giga 32 tí àwọn ọmọ wa ń kó orin sí nínú fóònù á gba irú rẹ̀ lọ́nà 64! Ṣé ẹ rí i? Àyè kọ́ ni ìṣòro ẹgbẹ́ yìí. Ìṣòro wọn ni kí ìwé owó má sọnù, kí iṣẹ́ má sì dúró lọ́jọ́ ọjà.

Serveur kékeré méjì, kí ọ̀kan máa dúró de èkejì, pẹ̀lú onduleur tó dáa, máa ń tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá di pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ para pọ̀ di àjọ kan, tí kò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ fún wákàtí kan, nígbà náà ni kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ hyperconvergée.

Ibì kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín wà nínú ẹ̀rọ méjì, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó dáa tí ẹ̀rọ kan bá kú. Àmọ́ tí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa orúkọ ìyá kan rẹ́, lójú ẹsẹ̀ ló máa pa rẹ́ nínú gbogbo ẹ̀rọ. Bí iná bá jó ilé náà, gbogbo wọn ló jó. Bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti àkọsílẹ̀ pa, tí wọ́n ń béèrè owó, ẹ̀dà inú ilé kan náà ti bá a lọ. Ẹ̀dà mìíràn gbọ́dọ̀ wà lórí díìsìkì tí wọ́n ń yọ lálaalẹ́, kó sùn ní ilé mìíràn, ká sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú háyà àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò burú, kò sí ẹ̀rọ láti tọ́jú. Àmọ́ lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Bẹ̀nẹ̀ níbí àti láwọn orílẹ̀-èdè míì. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lókèèrè nìkan kò rí i kà. Mo fẹ́ràn kí èyí jẹ́ ibi tí ẹ̀dà kejì ń gbé, kì í ṣe ilé kan ṣoṣo.

Òfin náà ń bẹ o. Code du numérique Bẹ̀nẹ̀, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, sọ bí ó ṣe yẹ ká tọ́jú orúkọ, nọ́ńbà àti gbèsè àwọn èèyàn. Àjọ APDP ló ń mójú tó o. Ibi yòówù tí ẹ bá kó o sí, ẹgbẹ́ ni yóò dáhùn.

Yàrá tí ẹ̀rọ máa wà ńkọ́? Wọ́n dámọ̀ràn kí atẹ́gùn tó ń wọ inú serveur wà láàárín ooru 18 sí 27. Yàrá onípáànù lóṣù kẹta kò lè rí bẹ́ẹ̀. Eruku ọyẹ́ náà máa ń dí ihò atẹ́gùn rẹ̀. Ẹ fi owó yìí kún ìṣirò.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kó mú yín lọ síbi tí irú ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Kí akápò ṣí orúkọ ẹnì kan lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹlòmíràn fa wáyà iná ẹ̀rọ kan yọ, kí ẹ wá wo aago. Lẹ́yìn náà, kó pa orúkọ tí wọ́n fi ń dánra wò rẹ́, kó sì mú un padà wá láti inú ẹ̀dà tó wà níta. Tó bá ní kò sí ààyè fún irú rẹ̀, ẹ mú proforma yín, ẹ máa bọ̀ nílé.

Ẹ jíròrò rẹ̀ lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́, kí akọ̀wé fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí a ṣe ń tọ́jú àgbàdo lọ́wọ́ kòkòrò la máa sọ.